Tìmùtìmù Lábẹ́ Dírẹ́bà

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, ọ̀gá mi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó àgbẹ̀ tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ìdajì Ìkọ̀lé ló jáde wá wò ó. Wọ́n fọwọ́ ra iná iwájú rẹ̀, wọ́n wo ojú ara wọn nínú gíláàsì, wọ́n tẹ fèrè rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Kò sí ẹnì kan tó bojú wo ìjókòó dírẹ́bà. Èmi ni dírẹ́bà. Èmi nìkan ni mo jókòó lé e, èmi nìkan ni mo sì mọ ohun tí òyìnbó yẹn fi sílẹ̀ fún wa.

Òyìnbó náà ga, ó sì sanra nídìí. Ojú kan náà ló jókòó sí láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ náà ní tuntun, ó sì ti fi ìdí gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Èmi kúrú. Tí mo bá wọ inú kòtò náà, fìlà mi àti ojú mi nìkan ni ẹni tó wà níta máa ń rí, àwọn ará oko tí wọ́n bá pàdé wa lójú ọ̀nà sì máa ń yà sínú igbó nítorí wọ́n rò pé ọkọ̀ náà ń dá rìn ni. Sípíríńgì kan tún wà tó ti já, tó ti gún awọ ìjókòó yọ jáde. Mo gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Gbogbo ihò tó wà lójú ọ̀nà láti Ìkọ̀lé dé Ìbàdàn ni ó fi kí mi. Mo gbà, a kì í kọ ìkíni, ṣùgbọ́n ìkíni ní ojú kan náà fún odindi ọjọ́ kan ti di ọ̀tá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ lóde òní, tí ẹ ń fa irin kan kí ìjókòó lè sún síwájú, tí ẹ ń fa òmíràn kó lè sún sẹ́yìn, ẹ má bínú sí mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìdí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ogun. Kì í ṣe ìrora nìkan ló ń dẹ́rù bà mí. Dírẹ́bà kan ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ṣáájú mi, lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń kó kòkó. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà tẹ̀ kó tó pé ogójì ọdún, ó wá ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ọ̀gá mi ní kó máa lọ sílé. Ó ní dírẹ́bà tó tẹ̀ ń dójú ti ọkọ̀. Ó wá yíjú sí èmi, ó ní ọjọ́ tí òun bá rí èmi náà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn ìbàdí, ọjọ́ náà ni kí n gbé àpótí mi. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ méjì, n kò sì ní oko, nítorí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti pín ilẹ̀ bàbá wa nígbà tí mo fi ọkọ́ sílẹ̀ gba sítíárì. Ẹ̀yìn mi ni oko mi. Tó bá tẹ̀, ó parí.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bá mi wá ọgbọ́n. Ó kó háríhá àgbàdo sínú àpò ìyọ̀, ó rán ẹnu rẹ̀, ó ní, "Baálé mi, ẹ jókòó lé e, ẹ ó rí i." Mo jókòó lé e. Ó dẹ̀ díẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n háríhá kì í dákẹ́. Bí mo bá yí sọ́tùn-ún, ó sọ̀rọ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ó dáhùn. Nígbà tí a dé Ọ̀yẹ́, ọ̀gá mi na ọrùn síwájú láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Dírẹ́bà, ṣé eku ti wọ inú ọkọ̀ ni?"

"Rárá, Bàbá. Èmi ni mo yíra padà."

"Kí ló wá dé tí ìwọ fi ń dún?"

Mo ju háríhá sígbó kí a tó dé Ìfàkì.

Lẹ́yìn náà ni mo gbìyànjú òwú àràbà. Kò sí ohun tó rọ̀ tó òwú àràbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo rẹ́rìn-ín láti Ìkọ̀lé dé Adó. Ṣùgbọ́n òwú àràbà kì í gbé inú àpò jẹ́ẹ́, ojú ìrán kékeré báyìí ni ó ń gbà jáde, afẹ́fẹ́ fèrèsé a sì gbé e lọ sẹ́yìn. Ọ̀gá mi sùn ní tirẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ní ìpàdé àwọn olówò kòkó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ ti funfun, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ṣé kò ṣàìsàn. Ó sín títí ìpàdé fi parí. Mo tún ju àpò náà nù.

Ọ̀rẹ́ kan wà tí mo ní, Mùsùlùmí ni, ó ń ta awọ àti bàtà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ìlú wa. Ó máa ń lọ sí Ìlọrin lọ ra ọjà. Mo lọ jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí n má pa irọ́, mi ò lè jókòó, ìdúró ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó bi mí léèrè ohun tó ṣe mí, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wọ inú ìsọ̀ lọ, ó gbé tìmùtìmù aláwọ pupa kan jáde, tó rí róbótó, tó ki dáadáa, ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, "Jókòó lé e, kí ọ sọ bí ara ti rí."

Mo jókòó. Ẹ gbà mí gbọ́, omi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ kejì ni mo dè é mọ́ orí ìjókòó ọkọ̀ pẹ̀lú okùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń wa ọkọ̀ náà, mo rí imú rẹ̀. Mo rí ọ̀nà. Mo rí ewúrẹ́ kí ewúrẹ́ tó rí mi. A lọ sí Ìbàdàn, a bọ̀, mo sì sọ̀kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbàgbé, kò sì yẹ kí n gbàgbé rẹ̀. Ní ìlú wa nígbà náà, tìmùtìmù kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn ń jókòó lé. Ọba ń jókòó lé e, olóyè ń jókòó lé e. Ọ̀gá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣì tutù. Ó ṣì ń yẹ ọrùn wò láàárọ̀ bóyá ó ti sọnù. Èmi rò pé inú ọkọ̀ ni inú ọkọ̀, pé oyè kì í bá ènìyàn wọ ibẹ̀.

A ń bọ̀ láti Adó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a dúró ní Ayégbajú kí ọ̀gá mi lè kí àna rẹ̀. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún un, ìyá àgbàlagbà kan ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó wo iwájú, ó rí èmi lókè pẹ̀lú fìlà mi. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí ọkùnrin kan tó rì sínú ìjókòó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi.

"Olóyè, ẹ kú ùrìn o! Ulé á san yín o!" Ó wá yíjú sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì le. "Ùwọ tí ọ jókòó bí àlejò yìí, sọ̀kalẹ̀ kí ọ ṣílẹ̀kùn fún olóyè jàre!"

Mo fò sílẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ọ̀gá mi kò kí àna mọ́. Ó ní kí n wa ọkọ̀ lọ sílé. Nígbà tí mo pa ọkọ̀, ó bi mí léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Kí ló wà lábẹ́ rẹ?"

"Ìdí ni, Bàbá."

"Kí ló wà lábẹ́ ìdí?"

"Tìmùtìmù ni, Bàbá."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, "Tìmùtìmù," ó sì wọ ilé lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbà mẹ́ta wá gbẹ́jọ́ náà lábẹ́ igi odán tó wà níwájú ilé. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ wá kí ó lè jẹ́rìí. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn gbé egungun imọ̀ ọ̀pẹ kan dání, wọ́n ti fi ọ̀bẹ sàmì sí i lára, nítorí ọjọ́ náà wọ́n fẹ́ wọn orí.

Ó bi mí pé, "Kí ni ùdí rẹ̀ tí ọ fi gbé tìmùtìmù sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?"

Mo ní, "Ùdí náà ni, Bàbá. Ùdí ló ń dùn mí."

Wọ́n bínú. Wọ́n rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá ṣàlàyé nípa kòtò òyìnbó, mo sọ ti sípíríńgì, mo sọ pé n kì í rí ọ̀nà dáadáa tí n kò bá ga.

Àgbà kejì mi orí. "Ojú ni ọ fi í wa ọkọ̀ ni, àbí ùdí?"

"Ojú ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ùdí ló gbé ojú dúró."

"Irọ́! Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ọ gbọ́ pé alákàn gbé tìmùtìmù rí?"

Wọ́n ní kí èmi àti ọ̀gá mi wọ inú ọkọ̀, kí kálukú jókòó sí ààyè rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Àríyànjiyàn ńlá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lórí fìlà. Wọ́n fẹnu kò pé fìlà olóyè jẹ́ ara orí rẹ̀, pé láti ṣóńṣó rẹ̀ ni ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà dírẹ́bà jẹ́ ẹrù lásán. Ìdájọ́ tí wọ́n dá ni pé ṣóńṣó orí mi kò gbọdọ̀ kọjá etí olóyè. A ti ń dúpẹ́ nígbà tí àgbà kẹta, ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ọkọ̀ tó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n ńkọ́? Ṣebí iwájú yóò ga, ẹ̀yìn yóò sì rẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n wọ ìpàdé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì pa á láṣẹ pé bí a bá ń gun òkè, kí dírẹ́bà tẹ orí ba. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ó lè nàró.

Ọ̀kánkán iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣe gbogbo èyí, pẹ̀lú ojú tó le koko. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá kò rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ilé.

Mo yọ tìmùtìmù. Ìrìn-àjò méjì péré ni mo ṣe láìsí i, ẹ̀yìn mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ọwọ́ mi ti lọ sẹ́yìn ìbàdí fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo yára gbé e wá síwájú, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì dúpẹ́ pé ọ̀gá mi kò tíì jí. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé bí orí mi kò bá gbọdọ̀ ga, ìdí mi ni yóò lọ sísàlẹ̀ lọ bá ìrọ̀rùn níbi tó bá wà.

Mo fi sípánà tú ìjókòó náà kúrò pátápátá. Mo gé gbogbo sípíríńgì rẹ̀, mo mú èyí tó ń gún mi, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo rì í mọ́lẹ̀ kí ó má baà jí. Mo ya tíúbù ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo hun ún ní ìbú àti ní òòró mọ́ irin ìjókòó, bí a ṣe ń hun ẹní. Mo tú ẹnu tìmùtìmù, mo kó ìdajì àkísà inú rẹ̀ dànù, mo fi òwú àràbà sí àárín, mo fi àkísà yí i ká kí òwú má baà rí ọ̀nà jáde lọ bá irùngbọ̀n ẹnikẹ́ni. Mo wá tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin náà lórí rọ́bà, ó jókòó síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo lu ihò tuntun fún àwọn bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ kí ìjókòó náà lè sún mọ́ iwájú, mo wá ń rí ọ̀nà láti àárín sítíárì. Ìyàwó mi rán ìrọ̀rí kékeré kan, mo fi ọ̀já so ó mọ́ ibi tí ẹ̀yìn ènìyàn ti kó wọnú. Àwọn àgbà wá pẹ̀lú egungun imọ̀ wọn, wọ́n wọ̀n ọ́n. Etí olóyè gẹ́lẹ́. Wọ́n gbà pé mo ti ronú pìwà dà.

Kí n sọ òótọ́, oṣù márùn-ún tó tẹ̀lé e ni mo gbádùn jù nínú iṣẹ́ mi. Mo ń ti Ìkọ̀lé dé Ìbàdàn, mo ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó jí lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn dírẹ́bà láti Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ń wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọ̀kan jókòó lé e, ó di ojú, ó kọ̀ láti dìde, àfi ìgbà tí mo ṣèlérí pé màá bá a ṣe tirẹ̀. Mo ń yangàn. Àní ní òkè Ẹ̀fọ̀n, tí mo bá ń tẹ orí ba gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹ̀rín ni mò ń rín sínú àyà mi.

Ní ọjọ́ kan, omi ọkọ̀ gbẹ ní ẹ̀bá Ìtàwúrè. Mo gbé garawa, mo lọ pọn omi nínú odò. Ọ̀nà odò náà jìn díẹ̀. Oòrùn ń mú ní ẹ̀yìn ọkọ̀, iwájú ló bọ́ sábẹ́ igi, ọ̀gá mi sì sún wá síwájú kí ó lè rí ibòòji. Nígbà tí mo dé, ó ti sùn sórí ìjókòó mi. Fìlà rẹ̀ ti ṣí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń hanrun. Mo dúró tì í pẹ̀lú garawa lórí. Mo wúkọ́. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo pa á dé gbàgà. Kò mira. Ó tó wákàtí kan kó tó lajú.

Ó wo mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká mi mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Kí lo ṣe síbí yìí?"

Ibi tí ó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn. Ẹnu mi kò gbọ́. Mo fi ìgbéraga ṣàlàyé rọ́bà, mo ṣàlàyé òwú, mo ní kí ó fọwọ́ kan ìrọ̀rí ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ kàn án.

"Orí èyí ni ìwọ ń jókòó lé lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi wá ń jókòó lórí kí ni?"

Mo bojú wẹ̀yìn. N kò ronú kàn án rí. Àwọn ajá òyìnbó àgbẹ̀ yẹn ni wọ́n ń jókòó sẹ́yìn, gbogbo Ìkọ̀lé ló mọ̀, àfi bóyá ọ̀gá mi. N kò sọ ọ́. Mo ní màá bá a tún ẹ̀yìn náà ṣe bákan náà. Ó ní a ó máa wò ó.

Ọjọ́ kẹta, ó ní kí n máa kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà.

Inú mi dùn. Ẹ ò rí nǹkan! Mo mú un lọ sí pápá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́, mo kọ́ ọ ní jíà, mo kọ́ ọ ní kílọ́ọ̀ṣì, mo sì ń pariwo mọ́ ọn, òun a máa dá mi lóhùn pé, "Ó dáa, ó dáa." Ó wó òpó bọ́ọ̀lù kan lulẹ̀, èmi ni mo bá ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀bẹ̀. Mo ń sọ kiri ìlú pé olóyè ni ọmọ iṣẹ́ mi. Nígbà tó gba láísẹ́ǹsì, èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà mẹ́ta wá wò ó bó ti ń jókòó níwájú. Mo retí pé wọn yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tó dàgbà jù ní ibikíbi tí olóyè bá jókòó ni ìtẹ́ rẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó gbé egungun imọ̀ wá.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, mo dé láti wẹ ọkọ̀, mo bá a tí ọ̀gá mi ti jókòó nídìí sítíárì, ọkọ̀ ti ń kùn. Ó ń lọ sí Ìbàdàn. Mo kí i, mo nu ọwọ́, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ibo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ wọlé, Bàbá. Bí táyà bá jò lọ́nà ńkọ́?"

"Bí o bá jókòó sẹ́yìn, wọn ò ní rò pé ìwọ ni mò ń wà kiri?"

Òótọ́ ni. Mo pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé, mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Ó wo ọwọ́ mi. "Ṣé ẹgbẹ́ mi ni ọ́, tí wàá fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

Kò pariwo. Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè ohun tí òun náà fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún gbogbo wàhálà mi, ó ní mo ti ṣiṣẹ́ gan-an, kí n lọ máa sinmi nílé. Ó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí tí ìyàwó mi rán, ó sì wa ọkọ̀ lọ dáadáa, kò tilẹ̀ ṣi jíà mú. Mo dúró sójú kan pẹ̀lú àkísà ìnukọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀yìn mi nàró ṣánṣán, kò dùn mí rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń lọ ata. Ó gbójú sókè, ó ní kí ló dé tí mo fi tètè padà, ṣebí Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ lónìí.

Mo ní ọkọ̀ ti kún.